Nítorí Màmá La Ṣe Ń Rọra Lọ

Bí wọ́n ṣe máa ń tò sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Kelberjoch nìyí: Korbinian á ṣáájú, Notburga ìyá rẹ̀ á tẹ̀ lé e, Mirjam ìyàwó rẹ̀ á tẹ̀ lé ìyá, Fanni ọmọ wọn á sì wà lẹ́yìn pátápátá, á máa kùn. Ẹni tó bá lọ́ra jù ni ẹni kejì, òun sì ni gbogbo wọn ń wò rìn. Kò sí ìdílé oníṣọ̀ọ́ra kan ní àfonífojì yìí tí kò mọ òfin yẹn. Àwọn tó bá fẹ́ fò bí ẹyẹ, kí wọ́n máa fò, ilé ìwòsàn ò jìnnà. Àwa yòókù, tá a bá ti délé pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì, a ti dúpẹ́.

Notburga ti lé ní àádọ́rin ọdún. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, oṣù kejì ọdún, nígbà ìsinmi àwọn ọmọ iléèwé, ó bẹ̀rẹ̀ láti de síkì, pákó gígùn méjì tí a fi ń yọ̀ lórí yìnyín, mọ́ bàtà rẹ̀, orúnkún ọ̀tún sì dún kẹ́. Kò pariwo. Ó di ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì mú, ó dúró kí ìrora náà kọjá, ó sì ṣe bí ẹni tó ń wo ojú ọjọ́. Dókítà ti sọ fún un kí Kérésì tó dé pé kó fi síkì sílẹ̀ ló dáa, pé ọ̀rá inú orúnkún náà ti tán, egungun ń ha egungun. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn síkì tó bẹ́ẹ̀ mọ́ o. Ká ní tara rẹ̀ nìkan ni, ì bá ti gbé e sí àjà látọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kó jókòó ti iná, kó máa hun ìbọ̀sẹ̀.

Wọ́n jókòó lórí àga orí wáyà, ó ń gbé wọn gòkè lọ. Fanni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn, fi èjìká gbá ìyá àgbà rẹ̀.

"Màmá àgbà, ìgbín kan kí mi lánàá níbi tá a ti ń sọ̀kalẹ̀. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ yín, kẹ́ ẹ yà lọ́nà fóun."

"Sọ fún un pé kó ní sùúrù," Notburga dá a lóhùn. "Kì í ṣe òun nìkan ló ń gbé ilé rù."

"Fanni!" Mirjam ké láti ẹ̀gbẹ́ kejì. "Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni wọ́n?"

"Jẹ́ kó sọ ọ́. Ó yá ju kó máa sọ ọ́ lẹ́yìn mi lọ."

Korbinian rẹ́rìn-ín nínú akoto rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó fa aṣọ ọrùn ìyá rẹ̀ sókè kí atẹ́gùn má bàa wọlé sí i lára. Ọmọ dáadáa ni, ẹ má ṣì mí gbọ́. Òun ló ń gé igi ìdáná fún un, òun ló ń wa yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kó tó jí. Bí àwọn obìnrin ìjọ bá rí wọn tí wọ́n ń rọra yọ̀ sọ̀kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí Korbinian ń bojú wẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà, wọ́n á ní, "Ẹ wo ọmọ tó mọyì ìyá ẹ̀. Nítorí ìyá rẹ̀ ló ṣe ń rọra." Òun náà á mi orí, á ní, "Kí là á ṣe? Nítorí Màmá la ṣe ń rọra lọ." Ó ti wọ̀ ọ́ lẹ́nu débi pé ó lè sọ ọ́ lójú oorun.

Irọ́ ni. Irọ́ gbáà ni, Notburga fúnra rẹ̀ ló sì pa á.

Ibì kan wà ní àárín ọ̀nà náà tí a ń pè ní Èjìká. Kò gùn, ṣùgbọ́n ó dagẹ̀rẹ́ lójijì, òjìji òkè ò sì jẹ́ kí oòrùn dé ibẹ̀, nítorí náà yìnyín ibẹ̀ máa ń le, ó máa ń yọ̀. Ní ọdún tí Fanni ṣì ń rákòrò kiri ilẹ̀, Korbinian ò mọ nǹkan kan tó ń jẹ́ rọra. Eré burúkú ló máa ń bá wá síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ṣubú, egungun ojúgun rẹ̀ ṣẹ́ ní ọ̀nà méjì, ó sì dùbúlẹ̀ sínú òtútù, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kọjú síbi tí ẹsẹ̀ kì í kọjú sí, kí wọ́n tó wá gbé e. Egungun jinná. Nígbà òtútù tó tẹ̀ lé e, gbogbo wọn tún gòkè. Wọ́n dé orí Èjìká, Korbinian dúró. Mirjam ní, "Kí ló dé?" Notburga wo ojú ọmọ rẹ̀, ó rí i pé ètè rẹ̀ ti funfun, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú gírígírí. Àwọn aládùúgbò sì ń bọ̀ lẹ́yìn, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń sáré níjọ́sí. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Notburga ti gbóhùn sókè.

"Èmi ni o! Ẹ̀rù ń bà mí. Ọjọ́ orí ti dé. Korbinian, dákun, má fi mí sílẹ̀, máa ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ níwájú mi."

Obìnrin tó fi síkì lọ iléèwé láti oko tó wà lókè pátápátá, tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì wàrà sẹ́yìn sọ̀kalẹ̀ nínú òkùnkùn ìdájí kí ọmọ ẹlòmíì tó jí, òun ló ní ẹ̀rù ń ba òun. Ṣùgbọ́n ta ló máa bi í? Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Korbinian níwájú, ó ń na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìrìn. Nígbà tí wọ́n fi máa débi tó tẹ́jú, àwọ̀ ti padà sí ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá, ẹ gbìyànjú." Notburga rò pé ó pẹ́ tán, ọ̀sẹ̀ kan, ìbẹ̀rù náà á lọ.

Kò lọ. Ọdún ń gorí ọdún. Tí wọ́n bá ti dé orí Èjìká, Korbinian á dúró, á yí orí padà, á bi í pé, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ sinmi?" Notburga á ní, "Ẹ jẹ́ n sinmi díẹ̀." Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ló ń gbé wọn kọjá. Láàárín àwọn méjèèjì, wọn ò sọ ọ̀rọ̀ náà rí, kódà ní ìdákọ́ńkọ́. Nígbà tó yá, ó ń ṣe Notburga bí ẹni pé Korbinian ti gba irọ́ náà gbọ́ fúnra rẹ̀. Èyí ló ń dùn ún jù. Wọ́n á ní ìyá ni wúrà. Kò sẹ́ni tó máa ń béèrè bóyá orúnkún ń ro wúrà.

Nígbà tí oòrùn kàn wọ́n lórí, wọ́n yà sí ilé oúnjẹ tó wà lókè. Inú rẹ̀ kún, ó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ tútù àti àlùbọ́sà díndín. Wọ́n gbé ọbẹ̀ olómi tí wọ́n fi ìṣù búrẹ́dì sí wá fún wọn. Notburga na ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó rọra fi àtẹ́lẹwọ́ pa orúnkún náà kí wọ́n má bàa rí i.

Ìgbà náà ni Lois dé. Òun ni ọkùnrin tó jẹ́ olórí àwọn adóòlà orí òkè, ilé tó kángun sí tiwọn ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, òun àti Korbinian jọ bẹ́sẹ̀ lé síkì lọ́jọ́ kan náà ni.

"Màmá Burga, ẹ káàsán o. Ẹ ṣì wà lórí ẹ̀ lẹ́nu yẹn? Ẹ̀yin náà ò ṣeé tì!" Ó yíjú sí Korbinian, ó gbá a lẹ́yìn. "Ìwọ ńkọ́, ògbólógbòó? Ìgbà wo la máa jọ lọ sí ọ̀nà dúdú, èyí tó le jù lọ yẹn? Ìwọ tí a ò lè bá níjọ́sí, o ti wá di olùṣọ́-àgùntàn."

Korbinian na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Lois, ta ni kí n fi Màmá sílẹ̀ fún? Bí kì í bá ṣe ti Màmá ni, ẹ̀yìn mi nìkan lo ò bá máa rí."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, ó sì dùn létí. Lois náà rẹ́rìn-ín, ó lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀. Notburga gbé ṣíbí sọ́wọ́, kò bu ọbẹ̀.

Fanni ti ń wo tábìlì tó wà lẹ́bàá fèrèsé láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀, pẹ̀lú ìyá ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n fẹ́ gba ọ̀nà pupa, èyí tó le díẹ̀, lọ sí àfonífojì kejì.

"Dádì, ẹ jẹ́ n tẹ̀ lé àwọn Ronja. Ìyá ẹ̀ wà pẹ̀lú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré."

"A kì í pínyà lórí òkè, o sì mọ̀."

"Ẹ̀yin ẹ máa lọ bẹ́ ẹ ṣe ń lọ. Èmi ni n ò ní sí níbẹ̀."

"Fanni, mo ti sọ ọ́. Bí nǹkan bá ṣe Màmá àgbà ńkọ́, ta ló máa sáré lọ pe èèyàn? Nítorí wọn la ṣe..."

"Nítorí Màmá, nítorí Màmá!" Ohùn ọmọ náà lọ sókè débi pé tábìlì méjì yíjú wò wọ́n. "Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú! Gbogbo èèyàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níléèwé. Ìgbà wo ni Màmá àgbà máa fi síkì sílẹ̀, kí àwa náà lè rí ayé?"

Mirjam fi ọwọ́ lu tábìlì, ọbẹ̀ dà. "Dìde! Jáde síta! Ṣé orí ẹ pé?"

"Ẹ jẹ́ kó jókòó," Notburga sọ.

Ojú Fanni ti pọ́n, omi ti dà sí i. Ó ń wo ìyá àgbà rẹ̀, ó ti kábàámọ̀, ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́ ná. Notburga ò wo Fanni. Korbinian ló ń wò. Ó ń wò ó bóyá á la ẹnu, bóyá á tiẹ̀ sọ ìdajì ọ̀rọ̀, pé, "Fanni, kì í ṣe ẹ̀bi Màmá." Ìyẹn nìkan ni ì bá tó o. Òun ò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Korbinian ń fi ṣíbí yí ìṣù búrẹ́dì ká nínú abọ́. Ó yí i lọ, ó yí i bọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ jẹun, ọbẹ̀ ń tutù."

Nǹkan kan já nínú Notburga. Kì í ṣe ìbínú. Ìbínú a máa gbóná, èyí ò gbóná rárá. Ó kàn rí i kedere pé bí òun bá kú lọ́la, wọ́n á gbé àwòrán òun kọ́ ògiri, Korbinian á sì máa rọra sọ̀kalẹ̀ nítorí àwòrán náà, ọmọbìnrin yìí á sì máa bínú sí ibojì.

Wọ́n ò tíì jẹun tán tí atẹ́gùn fi yí padà. Atẹ́gùn gúúsù ni, èyí tó máa ń móoru, tó máa ń mú kí orí máa fọ́ gbogbo ìlú. Òrùlé ilé oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Korbinian dìde, ó wo ìta.

"Màmá, ọjọ́ ò dára. Ẹ ò ṣe kúkú wọ ọkọ̀ orí wáyà sọ̀kalẹ̀? Màá bá yín wọ̀ ọ́. Mirjam àti Fanni á máa yọ̀ bọ̀."

Láàárín àwa ará ìhín, àlejò àti àpò ìdọ̀tí ni wọ́n ń fi ọkọ̀ orí wáyà gbé sọ̀kalẹ̀. Èèyàn tó bá ní ẹsẹ̀ a fi ẹsẹ̀ rẹ̀ délé. Notburga mọ ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ náà, ó ti fẹ́ gbà, nítorí orúnkún yẹn ti wú. Wọ́n dé ibùdókọ̀, ọkùnrin tó ń darí rẹ̀ ń fi ṣéènì dí ẹnu ọ̀nà.

"Ó ti parí o. Afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Kálukú kó fẹsẹ̀ ẹ̀ wá ọ̀nà."

Korbinian dúró ti ṣéènì náà pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Wọ́n tò bí wọ́n ṣe máa ń tò. Ilẹ̀ lókè kọ́kọ́ rọ̀, ó dára. Notburga ń wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ tó ń yí wálẹ̀ níwájú rẹ̀, yíyí gbọọrọ, tó ń lo gbogbo ìbú ọ̀nà, tó ń dúró, tó ń bojú wẹ̀yìn. Ó mọ ẹ̀yìn yẹn ju bó ṣe mọ ojú ara rẹ̀ lọ. Òun náà ń yí bó ṣe ń yí, ó fi bàtà ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ jẹ́ n sọ fún yín, iṣẹ́ ni kéèyàn máa ṣe bí òpè lórí ohun tó mọ̀. Ẹni tó ń yọ̀ geere, síkì ló ń gbé e. Ẹni tó ń díbọ́n, orúnkún ló fi ń díbọ́n.

Wọ́n dé orí Èjìká. Atẹ́gùn ti gbá yìnyín lẹ́búlẹ́bú orí rẹ̀ lọ pátápátá, yìnyín líle abẹ́ rẹ̀ ń dán. Korbinian dúró. Mirjam dúró. Fanni dúró lókè wọn, kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nídìí oúnjẹ, imú rẹ̀ ṣì pọ́n. Korbinian yí orí padà. Lábẹ́ awò ojú rẹ̀, ètè rẹ̀ ti funfun.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ sinmi?"

Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó ti fẹ́ jáde fúnra rẹ̀, bó ṣe máa ń jáde. Notburga pa ẹnu dé, ó gbé e mì.

"Rárá," ó ní.

Korbinian rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. "Mo ní ṣé ẹ fẹ́ sinmi, Màmá. Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ẹ̀rù ò bà mí. Yà fún mi, Korbinian, mo fẹ́ kọjá."

Kò yà. Ó kàn ń wò ó. Notburga bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, aṣọ wọn kan ara wọn, ó da imú síkì kọ sísàlẹ̀, ó sì jẹ́ kó lọ.

Ó lọ bó ṣe máa ń lọ nígbà tó wà lọ́mọdé, ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ̀ pọ̀, yíyí kúkúrú kúkúrú, láìdúró, ìró irin lórí yìnyín ń lọ ṣárá, ṣárá. Ara kì í gbàgbé. Ẹ má rò pé inú rẹ̀ dùn o. Kò dùn rárá. Gbogbo yíyí ni orúnkún náà ń gún un bí abẹ́rẹ́, ohun tó sì wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé, mo ti fi í sílẹ̀, mo ti fi ọmọ mi sílẹ̀ lókè yẹn. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, ó fẹ́ dúró, orúnkún náà sì yẹ̀. Ó jókòó sórí yìnyín, kò sì lè dìde mọ́.

Fanni ló kọ́kọ́ dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gorí rẹ̀.

"Màmá àgbà! Haa! Màmá àgbà, níbo lẹ ti kọ́ ìyẹn?"

"Lójú ọ̀nà iléèwé."

"Ẹ ń... ẹ mọ̀ ọ́n ṣe báyìí, ẹ wá ń..." Kì í ṣe òmùgọ̀ ọmọ. Ó yíjú, ó wo òkè, níbi tí bàbá rẹ̀ dúró sí.

Mirjam fi ẹ̀gbẹ́ yọ̀ dé, ó mí hẹlẹ. Ó wo orúnkún ìyá ọkọ rẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó pe Lois lórí fóònù. Lẹ́yìn náà òun náà wòkè. Ó bọ́ aṣọ ìlékè rẹ̀, ó fi bo èjìká Notburga.

"Màmá!" Ohùn Korbinian ń bọ̀ látòkè, atẹ́gùn ń já a gé. "Ẹ má mira! Mò ń bọ̀ wá tọ́jú yín!"

Korbinian ò mira lójú kan. Àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, àgbà, ọmọdé. Ó ti síkì kan síwájú, ó fà á padà. Lois yọ láti ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú akíà, ọpọ́n gígùn tí wọ́n fi ń wọ́ àwọn tó farapa sọ̀kalẹ̀. Wọ́n rí i tó dúró ti Korbinian, tó bá a sọ̀rọ̀, tó fọwọ́ kan apá rẹ̀. Korbinian mi orí. Lois fi í sílẹ̀, ó wọ́ ọpọ́n rẹ̀ bọ̀.

Nígbà tí wọ́n fi máa gbé Notburga sínú ọpọ́n náà, Korbinian ti tú síkì rẹ̀. Ó gbé e lé èjìká, ó gbé ìṣísẹ̀ kan, ó yọ̀, ó jókòó. Kò dìde mọ́. Ó fi ìdí wọ́ wálẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, síkì lórí itan, ó ń ti gìgísẹ̀ bọ yìnyín lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀dọ́ kan tó dúró lókè rí i, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Notburga dùbúlẹ̀, ó ń wò ó. Ó kù díẹ̀ kó kígbe sí àwọn ọmọ yẹn pé, "Èmi ló ń wá bá! Nítorí mi ni!" Ẹnu rẹ̀ tiẹ̀ là. Ó wo Fanni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n, tó ń wo bàbá rẹ̀, tó ń jẹ èékánná. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Korbinian dé. Ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Ó gbọn ara rẹ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Dádì, kí ló ṣe síkì yín?" Fanni bi í.

"Kò sí. Orúnkún Màmá ni mò ń rò, ọkàn mi ò balẹ̀, ni mo bá..." Ó wo ìyá rẹ̀.

Ó ń dúró kó gbà á sọ fún un. Gbogbo wọn rí i pé ó ń dúró. Notburga di ojú rẹ̀.

Atẹ́gùn ń fẹ́. Lois ń de okùn ọpọ́n náà, ó ń tún un dè, okùn tó ti dè tẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀rù ló bà mí," Korbinian sọ.

"Ẹ̀rù?" ni Fanni wí. "Ẹ̀yin?"

"Ẹ̀rù. Kì í ṣe òní. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ mi ti ṣẹ́ níbí. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹ̀rù ò bà mí níbí. Màmá àgbà ẹ ò bẹ̀rù rí, o ti rí i fúnra ẹ."

Fanni ò rẹ́rìn-ín. Ó wo òkè, ó wo bàbá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú síkì kan nínú méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi ìbọ̀wọ́ nu yìnyín ìdí rẹ̀. "Kí lẹ ò ṣe sọ?" ló ní, jẹ́ẹ́. "Ṣé màá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ni?" Òun fúnra rẹ̀ ronú sí i díẹ̀. "Ó dáa, màá ṣe é. Ṣùgbọ́n kò ní pẹ́."

Mirjam fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

Korbinian kúnlẹ̀ ti ọpọ́n náà. Ó ń tún kúbùsù ìyá rẹ̀ ṣe lábẹ́ àgbọ̀n. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn yòókù má bàa gbọ́.

"Màmá. Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ni mo ti mọ̀."

Notburga la ojú. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ó ti rò pé òun nìkan ló mọ̀. "O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"O wá ń bi mí bóyá mo fẹ́ sinmi, lójoojúmọ́ ayé?"

Korbinian tẹ orí ba. "Mo rò pé kò lè rẹ̀ yín ni. Ẹ̀yin ni ìyá mi. Mi ò tiẹ̀ rò ó rí pé ó lè rẹ̀ yín."

Notburga wo ojú ọmọ rẹ̀ tó ti ń hu ewú, tó pọ́n, tó tutù. Kò rí ọ̀rọ̀ rere kankan tó fẹ́ sọ, kò sì wá a.

"Ó rẹ̀ mí, Korbinian," ó sọ. "Ó ti pẹ́ tó ti rẹ̀ mí."

Lẹ́yìn ìyẹn ó sọ fún Lois pé kó máa gbé òun lọ.